Bí Ìgbì Ẹ̀jẹ̀ Ṣe Ń Sọ Bí Iṣan Ṣe Le Tó: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ nọ́ńbà BP wọn lórí. Díẹ̀ ló mọ̀ pé nọ́ńbà mìíràn wà tó ń sọ ohun tí BP ọ̀hún ti fi ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ rí láti ọdún pípẹ́ wá. Pulse wave velocity ni wọ́n ń pè é, PWV ní kúkúrú. Ó jẹ́ ìyára tí ìgbì ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fi ń rìn láti ibì kan dé ibòmíràn nínú ara. Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ni àwọn aláìsàn, àwọn ọmọ tó ń sin òbí wọn wá, àti àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń béèrè jù.

Kí lẹ ń wọ̀n gan-an? Ṣé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó ni?

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ la ń lé. Nígbà tí ọkàn bá sún kì, tó ta ẹ̀jẹ̀ sínú iṣan ńlá tó ti inú rẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní aorta, ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún kì í sáré púpọ̀. Ní àsìkò tí ọkàn ń tì í gan-an, ó lè tó nǹkan bíi mítà 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí a bá ṣírò rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìgbà tí ọkàn ń sinmi, kò ju bí ìdá kan nínú márùn-ún mítà lọ. Àmọ́ ìfúnpá tó gbé ògiri iṣan sókè kì í dúró de ẹ̀jẹ̀. Ó ń lọ ní mítà 5 sí 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ẹ ronú àwọn èrò tó fún mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà mọ́tò ní Òṣòdì. Bí ẹni ẹ̀yìn bá fi èjìká ti ẹni iwájú rẹ̀, ẹni tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn á ti mọ̀ ọ́n lára kí ẹni tó tì í tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Kò sẹ́ni tó rìn jìnnà, síbẹ̀ títì náà ti dé iwájú. Títì yẹn la ń wọ̀n. Bí ẹ bá fi ìka kan ọrùn ọwọ́ yín níbi tó ti ń lù kì kì, ẹ̀jẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ìgbì gbé kan yín níka. Èyí tí ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ta jáde ṣì wà lẹ́yìn.

Kí ló dé tí ìgbì fi ń yára nínú iṣan tó le?

Iṣan tó rọ̀ máa ń fẹ̀ nígbà tí ìgbì bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gba lára agbára ìgbì náà, ó fi í pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó sún kì, ó sì tì í síwájú. Fífẹ̀ àti pípadà yẹn ló ń fa ìgbì sẹ́yìn. Iṣan tó le kì í fẹ̀, kò sí ibi tó máa fi agbára pamọ́ sí, ìgbì á kàn gba inú rẹ̀ kọjá wéré.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Thomas Young, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tún jẹ́ onímọ̀ físíìsì, ti sọ̀rọ̀ lórí ìyára ìgbì inú iṣan níwájú Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London, lọ́dún 1808. Lọ́dún 1878, àwọn ará Netherlands méjì, Moens àti Korteweg, gbé ìṣirò tí à ń lò títí dòní jáde. Nínú ìṣirò yìí, ohun mẹ́rin ló ń pinnu ìyára ìgbì: bí ohun tí wọ́n fi ṣe ògiri iṣan ṣe le tó, bí ògiri náà ṣe nípọn tó, bí ihò iṣan ṣe fẹ̀ tó, àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe wúwo tó. Bí líle ògiri bá di ìlọ́po mẹ́rin tí àwọn yòókù kò yí padà, ìyára ìgbì á di ìlọ́po méjì.

Bramwell àti Hill, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún un kọ lọ́nà mìíràn lọ́dún 1922. Wọ́n ní ká fi ògiri sílẹ̀, ká wo bí àyè inú iṣan ṣe ń pọ̀ sí i tó nígbà tí ìfúnpá bá lé díẹ̀. Tiwọn yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ìṣòro ọkàn gan-an ló bá wí. Ọkàn kò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe ògiri. Ohun tó ń bá pàdé ni bóyá àyè wà fún ẹ̀jẹ̀ tó ń tì jáde tàbí kò sí.

Kí ló ń mú kí iṣan le?

Ọjọ́ orí ló ṣáájú. Okùn tín-ín-rín oríṣi méjì ló wà nínú ògiri aorta. Elastin ni èyí tó ń nà tó sì ń padà sí ipò rẹ̀. Collagen ni èyí tó yi, tí kì í jẹ́ kí iṣan bẹ́. Ìgbà ọmọdé ni ara ti ń ṣe elastin tó pọ̀. Téèyàn bá ti dàgbà, ara kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe tuntun mọ́. Ọkàn tó ń lù ní ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan ń na okùn wọ̀nyí ju ìgbà mílíọ̀nù 36 lọ lọ́dún kan. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, elastin á máa já, collagen á máa gba ipò rẹ̀, kálísíọ́mù á sì máa wọ inú ògiri náà.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ń mú kí gbogbo èyí tètè ṣẹlẹ̀. Àtọ̀gbẹ náà wà níbẹ̀: ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń so okùn collagen kan mọ́ èkejì, wọn kò sì ní lè yọ̀ lórí ara wọn mọ́. Àrùn kíndìnrín máa ń mú kí kálísíọ́mù wọ ògiri iṣan gan-an. Sìgá kò yọ sílẹ̀.

Ohun kan tó yẹ ká yà sọ́tọ̀ nìyí. Iṣan tó le yàtọ̀ sí iṣan tí ọ̀rá ti dí. Ọ̀rá máa ń kó jọ síbì kan pàtó, á sì máa dín ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kù. Líle tí à ń sọ yìí ń bá gbogbo ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀, ihò iṣan sì lè wà ní gbayawu, kódà aorta àgbàlagbà sábà máa ń fẹ̀ ju ti ọ̀dọ́ lọ. Méjèèjì lè wà lára ẹnì kan náà, àmọ́ èsì àyẹ̀wò ọ̀kan kò lè dúró fún èkejì.

Bí iṣan mi bá le, kí ló kàn mí? Kò kúkú dùn mí.

Kì í dunni, òótọ́ ni. Ìdí tí mo fi ń fẹ́ kí èèyàn mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn.

Aorta tó rọ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí ojú kì í rí. Ó gba ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ta pùtù, ó tọ́jú apá kan, ó sì ń rọra tú u sílẹ̀ nígbà tí ọkàn bá ń sinmi. Ẹ̀jẹ̀ á wá dé ọ̀dọ̀ àwọn iṣan wẹ́wẹ́ ní jẹ́jẹ́. Bí aorta bá ti gan, títì ọkàn á lọ bá àwọn iṣan wẹ́wẹ́ yẹn tààrà. Kíndìnrín àti ọpọlọ ló ń jìyà rẹ̀ jù, torí pé ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ló ń gba inú wọn ní gbogbo ìgbà, ìdènà tó sì wà lójú ọ̀nà wọn kéré.

Ìgbì tún máa ń padà. Tó bá dé ibi tí iṣan ti pín sí ẹ̀ka tàbí ibi tó ti dín, apá kan rẹ̀ á ta padà sọ́dọ̀ ọkàn. Nínú ara ọ̀dọ́, ìgbì ń rọra rìn, nítorí náà èyí tó ń padà máa ń dé nígbà tí ọkàn ti ń sinmi, ó sì ń ṣèrànwọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ wọ inú iṣan tó ń bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀. Tí iṣan bá le, ó ń yára lọ, ó ń yára bọ̀, á sì bá ọkàn lẹ́nu iṣẹ́ títì. Ọkàn á wá máa ti ẹ̀jẹ̀ lòdì sí ìgbì tòun fúnra rẹ̀ rán jáde. Nọ́ńbà òkè BP á ga, ti ìsàlẹ̀ á wálẹ̀. Màmá ẹni ọdún 70 tí BP rẹ̀ jẹ́ 165/72, àwọn èèyàn á ní “ti ìsàlẹ̀ dáa.” Ẹ yọ 72 kúrò nínú 165, ó ku 93. Àlàfo tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣan tó le máa ń fi hàn lórí ẹ̀rọ BP lásán.

Ní Nàìjíríà àti Ghana, ìwádìí SIREN tí Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2018, rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà níwájú gbogbo ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Iṣan ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń gbà dé ọpọlọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí iṣan láàárín ọdún tí BP fi ga àti ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ dé ni PWV ń gbìyànjú láti wọ̀n.

Ṣé BP kò tó ni? Kí ló tún kù tí ẹ̀rọ yìí fẹ́ sọ?

BP ń sọ ìfúnpá ìsinsìnyí. Ó lè ga lónìí nítorí pé ẹ sáré gun àtẹ̀gùn, ó sì lè wálẹ̀ lọ́la nítorí oògùn. Èèyàn méjì lè ní 138/84, kí iṣan ọ̀kan jẹ́ ti ẹni ọdún 40, kí ti èkejì ti gan pátápátá.

Lọ́dún 2010, dókítà kan tó ń jẹ́ Vlachopoulos àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 17 jọ, tí èèyàn tó wà nínú wọn lé ní 15,000. Wọ́n rí i pé fún mítà 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tí PWV aorta bá fi lé sí i, ewu àìsàn ọkàn àti iṣan ń fi nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, lẹ́yìn tí wọ́n ti ro ti ọjọ́ orí, BP àti àwọn nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Ìyẹn ni pé nọ́ńbà yìí ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ, tí BP nìkan kò sọ tán.

Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ẹ ó dùbúlẹ̀ kí ẹ kọjú sókè, nínú yàrá tí kò gbóná jù tí kò tutù jù, ẹ ó sì sinmi fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 10. A kọ́kọ́ wọn BP. A lẹ wáyà mẹ́ta ti ECG, ẹ̀rọ tó ń fi hàn bí iná ṣe ń gba ọkàn kọjá, mọ́ yín lára. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ń ṣe é á fi ìka wá ibi tí iṣan ọrùn ti ń lù, á gbé sẹ́ńsọ̀ kékeré lé e, á sì rọra tẹ̀ ẹ́ títí àwòrán ìgbì tó dúró dáadáa á fi hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ó kéré tán, ìṣẹ́jú-àáyá 10 la fi ń gba ìgbì sílẹ̀, kí mímí sínú àti mímí síta lè wà nínú rẹ̀. A tún ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí itan ti pàdé ikùn, ní ẹ̀gbẹ́ kan náà.

Oríṣi ẹ̀rọ SphygmoCor kan láti Ọsirélíà ni wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ọrùn ṣáájú, itan tẹ̀ lé e, tí ECG á sì jẹ́ àmì tí wọ́n fi so méjèèjì pọ̀. Complior láti ilẹ̀ Faransé máa ń gba ti ọrùn àti ti itan lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́ẹ̀mejì ló yẹ kí a wọ̀n ọ́n. Bí èsì méjèèjì bá fi ju mítà 0.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ yàtọ̀ síra, a ó ṣe ẹ̀ẹ̀kẹta, a ó sì mú èyí tó wà láàárín.

Mo fẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì gbọ́ èyí: iṣẹ́ ìka ni. Ẹni tó ń kánjú kò lè rí ìgbì tó dáa níbi itan, pàápàá lára ẹni tó sanra. Ìgbì tí kò dáa sì máa ń bí nọ́ńbà tó rẹwà lójú kọ̀ǹpútà, ẹni tó gbé e fún dókítà kò sì ní mọ̀.

Báwo ni àkókò ṣe ń di ìyára? Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fún wa.

Ẹ kíyè sí apá yìí dáadáa, nítorí ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

A ní láti mọ ìgbà tí ìgbì dé. Ibo lára ìgbì la máa wò? Ṣóńṣó rẹ̀ kò ṣeé gbára lé, torí ìgbì tó ń padà bọ̀ máa ń gun orí rẹ̀, á sì sún ṣóńṣó yẹn kúrò níbi tó yẹ kó wà. Ẹsẹ̀ ìgbì la ń lò, ibi tí ìfúnpá ti dẹ́kun wíwálẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kọ̀ǹpútà á fa ìlà kan gbọọrọ ní ibi tó relẹ̀ jù, á fa èkejì lórí ibi tí ìgbì ti ń gòkè ní kíkankíkan jù, ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni ẹsẹ̀ ìgbì.

Ká wá ní láti ìgbà tí ECG fi àmì hàn, ẹsẹ̀ ìgbì dé ọrùn lẹ́yìn mílísẹ́kọ́ńdì 92, ó sì dé itan lẹ́yìn 152. Mílísẹ́kọ́ńdì kan ni ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ 60. Ó kù ká mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó. A fi tépù wọn láti ojú ibi tí a gbé sẹ́ńsọ̀ lé ní ọrùn dé ojú èyí tó wà ní itan, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 66.

A kì í lo 66 yẹn bó ṣe wà. Nígbà tí ìgbì ń gòkè lọ sí ọrùn, ìgbì kan náà ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú aorta, nítorí náà tépù ti ka apá kan ọ̀nà tí kò yẹ kó kà. Àdéhùn tí àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù ṣe lọ́dún 2012 ni pé ká mú ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. 66 lọ́nà 0.8 jẹ́ 52.8. Mítà 0.528 tí a fi ìṣẹ́jú-àáyá 0.060 pín jẹ́ 8.8. PWV ẹni yìí jẹ́ mítà 8.8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ẹ wá wo bí nǹkan kékeré ṣe lè dà á rú. Bí ẹni tó ṣe é bá gbàgbé ìdá 80 yẹn, èsì á di 11, wọn á sì sọ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò burú pé iṣan rẹ̀ ti le. Bí àkókò bá fi mílísẹ́kọ́ńdì 5 péré dín, á di 9.6. Bí tépù bá tẹ̀ lé ikùn tó yọ síta dípò kó lọ ní tààrà, kó wá ka 72, á tún di 9.6. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹni tó di tépù mú ṣe pàtàkì bí ẹni tó ra ẹ̀rọ.

Nọ́ńbà wo ló dáa, èwo ni kò dáa?

Mítà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ààlà tí ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́nisọ́nà àwọn dókítà ń lò fún ọ̀nà ọrùn dé itan. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbà pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti dọ́gbẹ́ sí iṣan lára. Tẹ́ ẹ bá rí ìwé tó sọ pé 12, ti ọdún 2007 ni. Ìgbà yẹn wọ́n ń lo gígùn tépù láìyọ nǹkan kan. 12 lọ́nà 0.8 jẹ́ 9.6, wọ́n sì sọ ọ́ di 10.

Ààlà kan ṣoṣo fún gbogbo ọjọ́ orí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Lọ́dún 2010, wọ́n kó àwọn èsì jọ láti orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Yúróòpù. Láàárín àwọn tí ara wọn le, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ bíi 6.2 fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 30, ó jẹ́ 7.2 fún ẹni 40 sí 49, 8.3 fún ẹni 50 sí 59, 10.3 fún ẹni 60 sí 69, àti bíi 10.9 fún ẹni 70 sókè. Nítorí náà 9.5 lára ọmọ ọdún 32 yẹ kó ba dókítà lẹ́rù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dé ààlà. Bàbá ẹni ọdún 75 tó ní 10.4 kò yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ará Yúróòpù ni wọ́n wọ̀n fún nọ́ńbà wọ̀nyí. Ó wù mí púpọ̀ ká ní tiwa tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, ìwádìí African-PREDICT ní Potchefstroom ti kó àwọn ọ̀dọ́ dúdú àti funfun tí ara wọn le jọ, ọmọ 20 ọdún sí 30, wọ́n sì ń tẹ̀ lé wọn láti mọ bí iṣan ṣe ń yí padà kí àìsàn tó dé. Irú iṣẹ́ yẹn la nílò ní ìhà tiwa yìí.

Níbòmíràn, wọ́n wé nǹkan mọ́ apá àti ọrùn ẹsẹ̀ mi, èsì sì jẹ́ 14. Ṣé mo ti kú nìyẹn?

Rárá o. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Láti apá dé ọrùn ẹsẹ̀, ìgbì ń gba inú iṣan ẹsẹ̀ kọjá, àwọn iṣan yẹn sì le ju aorta lọ nípa ti ẹ̀dá, nítorí náà nọ́ńbà rẹ̀ máa ń ga. Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti ń lò ó jù, ó sì rọrùn torí kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan itan èèyàn. Ẹ má fi 14 ti ọ̀nà yìí wé 10 ti ọ̀nà ọrùn dé itan. Òmíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní CAVI, tó ń gbìyànjú láti yọ ipa BP kúrò nínú èsì. Tirẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan rárá.

Àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tó jẹ́ apá nìkan ni wọ́n ń wé, tí wọ́n á sì gbé PWV aorta jáde. Ẹ ṣọ́ra fún irú wọn. Àwọn kan nínú wọn ń fi ọjọ́ orí àti BP tẹ́ ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀, ohun tuntun tí wọ́n sì fi kún un kò pọ̀.

Aago ọwọ́ mi tó ń ka ìlù ọkàn, ṣé ó lè sọ èyí fún mi?

Iná aago yẹn ń rí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kún inú iṣan wẹ́wẹ́ abẹ́ awọ ara. Tí aago náà bá ní ECG, á ka àkókò láti àmì ECG dé ìgbà tí ìgbì dé ọwọ́. Wàhálà ibẹ̀ ju ọ̀kan lọ.

Àmì ECG ni ìgbà tí iná gba ọkàn kọjá. Ọkàn kì í ta ẹ̀jẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀ yẹn. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún ara rẹ̀ pọ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Àsìkò ìmúra yẹn ń yí padà bí ẹ bá dìde dúró, bí ẹ bá mu kọfí, bí ọkàn yín kò bá balẹ̀. Aago á rò pé iṣan ló yí padà, bẹ́ẹ̀ ọkàn ló yí padà. Nígbà tí a bá wọn ọrùn àti itan, a ń yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, àsìkò ìmúra náà á sì bá a lọ. Aago tó ní ibi ìwọ̀n kan ṣoṣo kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, iṣan apá kì í fi bẹ́ẹ̀ le sí i bí èèyàn ti ń dàgbà. Aorta ni ọjọ́ orí ń bá jà. Ẹni tó bá wọn apá á kàn rí iṣan tí kò yí padà púpọ̀. Àti pé bí aago bá ń wo ìgbì ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, mílísẹ́kọ́ńdì 20 ló wà láàárín ìwò kan àti èkejì, nígbà tó jẹ́ pé 60 ni gbogbo ìrìn àjò ọrùn dé itan nínú àpẹẹrẹ wa. Ẹ lo aago yín láti mọ bí ẹ ṣe ń rìn tó lójúmọ́. Ìyẹn wúlò.

Kí ni kí n ṣe kí n tó wá?

Ẹ má jẹun, ẹ má mu sìgá, ẹ má mu kọfí tàbí tíì fún wákàtí 3 ṣáájú. Ọtí, wákàtí 10. Obì náà ní káféènì, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ má dá oògùn BP yín dúró bí dókítà kò bá ní kí ẹ dá a dúró. Ẹ kàn sọ ohun tẹ́ ẹ lò àti ìgbà tẹ́ ẹ lò ó. Ẹ wọ aṣọ tó ṣeé tú nídìí láìsí wàhálà. Tí a bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má sì sùn.

Ṣé ewu wà níbẹ̀?

Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ìtànṣán. Bí wọ́n bá ti sọ fún yín rí pé ọ̀rá ti kó jọ sí iṣan ọrùn yín, tàbí tí ẹ bá máa ń dákú, ẹ sọ ọ́ kó tó di pé wọ́n fọwọ́ kàn yín lọ́rùn. Ẹ tún sọ bí ọkàn yín kì í bá lù déédéé, nítorí ìgbì á máa dé ní àkókò tó yàtọ̀ síra, èsì kò sì ní ṣeé gbára lé.

Mo ṣe é lóṣù tó kọjá, ó jẹ́ 9.1, mo ṣe é lónìí, ó jẹ́ 10. Ṣé iṣan mi le sí i láàárín oṣù kan ni?

Kò dájú rárá. BP yín lónìí ńkọ́? Bí ìfúnpá bá ga, ó ń na ògiri iṣan, ó ń gbé ẹrù kúrò lórí elastin sórí collagen, ìgbì á sì yára, kódà nínú iṣan tí kò tíì yí padà. Bí ọkàn bá ń lù kánkán, ìyẹn náà lè gbé e sókè. Èsì PWV tí kò ní BP lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò pé. Ìyàtọ̀ láàárín oṣù kan sì sábà jẹ́ ti ìwọ̀n àti ti ọjọ́ náà.

Iṣan tó ti le, ṣé ó lè padà rọ̀?

Elastin tó ti já kò ní padà bí ẹni pé kò já rí. Àmọ́ gbogbo líle kọ́ ló ti ibẹ̀ wá. Apá kan jẹ́ ti ìfúnpá tó wà lórí ògiri lọ́wọ́lọ́wọ́, apá kan jẹ́ ti ẹran tó wà nínú ògiri iṣan tó fún mọ́ra. Oògùn BP ń dín méjèèjì kù. Rírìn kánkán àti eré ìdárayá déédéé ń ṣe é lóore. Ẹni tó sanra tó fọn díẹ̀ náà á rí i.

Iyọ̀ ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní London, tó jáde lọ́dún 2009, mú àwọn tí BP wọn ga díẹ̀, àwọn funfun, àwọn dúdú àti àwọn ará Éṣíà, wọ́n sì dín iyọ̀ wọn kù láti nǹkan bíi gíráàmù 9.7 lójúmọ́ sí 6.5. BP gbogbo wọn wálẹ̀. PWV náà wálẹ̀, àárín àwọn dúdú ni ìyẹn sì ti hàn gbangba jù. Gíráàmù 3 yẹn kò ju ṣíbí tíì kékeré kan tí kò kún lọ. Àwa tí à ń fi kúùbù mẹ́ta sínú ọbẹ̀ kan, tí a tún ń fi iyọ̀ lé e, ní ibi tó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ ṣe é?

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ n kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, ìwádìí SPARTE mú aláìsàn 536 tí BP wọn ga. Wọ́n fi PWV darí ìtọ́jú àwọn kan, wọ́n sì tọ́jú àwọn yòókù bí ìwé ìtọ́nisọ́nà ṣe sọ. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2021, iṣan àwọn ti àkọ́kọ́ kò le sí i tó ti àwọn kejì, àmọ́ kò sí ìyàtọ̀ tó dájú nínú iye àwọn tí àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ kọlù. Ìwádìí náà kò tóbi tó láti pa ẹnu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ kò tíì sẹ́ni tó lè ní òun ti fi hàn pé lílé nọ́ńbà yìí ń gba ẹ̀mí là ju lílé BP lọ.

Ibi tó ti wúlò jù lójú mi ni ibi tí dókítà kò ti dá a lójú. Ẹni ọdún 45 tí BP rẹ̀ wà lójú ààlà, tí bàbá rẹ̀ ní rọpárọsẹ̀, ṣé ká bẹ̀rẹ̀ oògùn ni àbí ká dúró? PWV lè tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tí BP rẹ̀ ti jẹ́ 180, tí kò sì lo oògùn, kò nílò PWV kankan. Oògùn ló nílò, lónìí. Bí owó àyẹ̀wò yìí bá máa mú kí ẹ pàdánù oògùn oṣù kan, ẹ ra oògùn.

Bí wọ́n bá fún mi ní èsì, kí ni kí n béèrè?

Ẹ béèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà, ọrùn dé itan tàbí apá dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lo ìdá 80 gígùn tépù. Ẹ ní kí wọ́n kọ BP àti ìlù ọkàn ìṣẹ́jú yẹn, gígùn tépù fúnra rẹ̀, àti orúkọ ẹ̀rọ sínú ìwé náà. Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀rọ kan náà àti ọ̀nà kan náà ni kí ẹ padà sí, kí ẹ sì mú ìwé náà dání.